Líìgì Tó Dúró Láàárín Ọ̀nà: Ẹ̀kọ́ Tí Kòrónà Fi Sílẹ̀ fún Bọ́ọ̀lù Wa

Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2020, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, NFF, pàṣẹ pé kí gbogbo eré bọ́ọ̀lù dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin nítorí àrùn Kòrónà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà di oṣù mẹ́sàn-án. Líìgì NPFL tí ẹgbẹ́ 20 ń kópa nínú rẹ̀, títí kan Sunshine Stars ti Àkúrẹ́, kò padà sórí pápá títí di ọjọ́ 27 oṣù Kejìlá, nígbà tí sáà tuntun bẹ̀rẹ̀.

Ìdádúró náà kì í ṣe àṣejù. Hájì ọdún náà, àwọn tó wà nínú Saudi nìkan ló ṣe é. Nílé wa níbí, Gómìnà Rotimi Akeredolu kéde ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà pé àrùn náà wà lára òun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, kọmíṣọ́nnà ètò ìlera rẹ̀, Dókítà Wahab Adegbenro, jáde láyé. Ẹ̀mí ṣe pàtàkì ju àmì ayò lọ.

Ohun tó yẹ ká bi ara wa ni pé, ta ló ru ẹrù ìdádúró náà? Plateau United ló wà lókè pẹ̀lú àmì 49 nínú eré 25, ṣùgbọ́n wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní ife-ẹ̀yẹ, wọn kò sì lé ẹgbẹ́ kankan sísàlẹ̀. Wọ́n pín àmì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iye eré tó ti gbá, láti fi mọ ẹni tí yóò lọ sí ìdíje Áfíríkà. Nípa ìṣirò yìí, ẹgbẹ́ tó ní àmì 36 nínú eré 20 yóò ga ju èyí tó ní 43 nínú 25 lọ. Ìṣirò náà tọ́, ṣùgbọ́n àárín eré kọ́ ló yẹ ká ti máa wá òfin. Ìgbà tí eré ti dúró ni awuyewuye bẹ̀rẹ̀.

Jámánì padà sí pápá ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, Ẹ́ńgílándì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹfà. Owó tẹlifíṣọ̀n ló ń dúró dè wọ́n, wọ́n sì lágbára láti yẹ ara agbábọ́ọ̀lù wò léraléra. Ní tiwa, ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́, Sunshine Stars náà sì wà lára wọn. Nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀ lọ́dún náà, àpò kan ṣoṣo tí wọ́n gbójú lé náà gbẹ. Bí kò bá sí eré, kò sí ẹni tí yóò ra omi tútù àti ẹ̀pà lẹ́nu ọ̀nà pápá ìṣeré Àkúrẹ́; àwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ní ìlú Oǹdó náà kò sì lè ṣílẹ̀kùn.

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ fi bọ́ọ̀lù jẹun, ẹ bèèrè ìwé àdéhùn kó tó tọwọ́ bọ̀wé. Bí líìgì bá dúró, ṣé owó oṣù yóò dúró? Bó bá ṣèṣe, ta ni yóò sanwó ìtọ́jú? Ẹ jẹ́ kó ní ìwé ẹ̀rí tàbí iṣẹ́ ọwọ́ mọ́ ọn. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ kọ òfin ìdádúró sílẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tí òjò bá dé kọ́ là ń wá ewé tí a ó fi bo ilé.