Owó Fọ́ọ̀mù Kọ́ Ni Yóò Gbé Ọmọ Kétu Dé Orí Ìtàgé

Ọ́díṣọ̀n, tí í ṣe ìdánwò tí agbátẹrù eré àti olùdarí rẹ̀ máa ń ṣe fún àwọn òṣèré kí wọ́n tó pín ipa, jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ tíátà tí òǹwòran kì í rí, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń mọ ẹni tí yóò gun orí ìtàgé àti ẹni tí yóò máa wòran láti ìsàlẹ̀. Bí Ọdún Àjíǹde tàbí ìparí ọdún bá ti ń súnmọ́, tó jẹ́ àsìkò tí ọ̀pọ̀ eré orí ìtàgé máa ń jáde ní Èkó, ìkéde ọ́díṣọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé sórí ẹ̀rọ alágbèéká lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọ̀dọ́ Kétu, Àlápẹ́rẹ̀, Ìkòsì àti Mile 12 á sì máa fi wọ́n ránṣẹ́ sí ara wọn. Ohun tó ń kọ ìwé ìròyìn yìí lóminú ni pé àwọn kan wà nínú ìkéde wọ̀nyí tó jẹ́ pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ọmọ tó fẹ́ ṣeré kì í ṣe ohùn rẹ̀, kì í sì í ṣe ijó rẹ̀, bí kò ṣe owó fọ́ọ̀mù. Èrò ìwé ìròyìn yìí lórí ọ̀rọ̀ náà kò pé méjì: kò yẹ kí ẹnikẹ́ni san kọ́bọ̀ kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Bí a ṣe ń yan òṣèré kì í ṣe ìbéèrè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilẹ̀ Yorùbá. Nígbà tí Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, dé Ọ̀yọ́-Ilé ní 1826, tí Aláàfin ní kí wọ́n ṣeré fún un, àwọn alárìnjó ló jáde sí i, ìyẹn ẹgbẹ́ eégún aláré tó ń ti ìlú bọ́ sí ìlú, wọ́n sì gbé òyìnbó kan jáde nínú eré náà, tó rù hangogo, tí òtútù ń mú, tó ń fín áṣáà tó sì ń fọwọ́ ra ọwọ́, lójú àlejò òyìnbó náà gan-an. Ọmọ ọlọ́jẹ̀ ni àwọn tó wà lábẹ́ agọ̀ yẹn, inú agbo ilé ni wọ́n ti kọ́ ẹ̀sà, takìtì àti ijó láti kékeré, tí àwọn àgbà sì ń fi ọ̀pọ̀ ọdún wò wọ́n kí wọ́n tó gbé ipa tó wúwo lé wọn lọ́wọ́. Irú ìdánwò bẹ́ẹ̀ kò ní owó nínú, àmọ́ kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí ẹni tí kì í ṣe ọmọ inú ilé náà kò rọ́nà wọlé, bó ti wù kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Hubert Ògúndé ló ṣí ìlẹ̀kùn náà fún gbogbo ènìyàn. Ọlọ́pàá ni í ṣe nígbà tó gbé eré olórin rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde fún ìjọ kan ní Èkó ní 1944, ó sì fi iṣẹ́ ọlọ́pàá sílẹ̀ ní 1945 láti dá ẹgbẹ́ eléré tó ń gba owó iṣẹ́ sílẹ̀. Ìtàn sọ pé nígbà tó kéde nínú ìwé ìròyìn pé òun ń wá obìnrin tí yóò ṣeré, àwọn obìnrin sá sẹ́yìn, nítorí pé ojú alágbe ni wọ́n fi ń wo òṣèré nígbà náà, tí kò sí òbí tó fẹ́ kí ọmọ òun máa jó káàkiri. Ni ó bá kéde pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá, àwọn tó wá fún iṣẹ́ akọ̀wé sì bá ara wọn nídìí ijó àti orin. Nígbà tó yá, ó fẹ́ àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí wọ́n má baà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀tàn wà nínú ìkéde yẹn, kò sì sí ìdí láti bò ó mọ́lẹ̀ nítorí pé àgbà òṣèré ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tó yẹ ká tẹnu mọ́: owó iṣẹ́ ni Ògúndé fi ń fa ènìyàn wọlé, nígbà tó jẹ́ pé àwọn tó ń tan ọ̀dọ́ lónìí, apò ọ̀dọ́ náà ni wọ́n nawọ́ sí.

Lẹ́yìn Ògúndé ni àwọn ẹgbẹ́ alárìnrìn-àjò Kọ́lá Ògúnmọ́lá, Dúró Ládípọ̀, Oyin Adéjọbí àti Mósè Ọláìyá tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá dé, títí tí irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ fi lé ní 100 nílẹ̀ Yorùbá ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Iṣẹ́ kíkọ́ ni ọ́díṣọ̀n tiwọn. Ọmọ iṣẹ́ lè máa gbé ẹrù, kó máa lẹ pósítà, kó máa fọ aṣọ eré fún ọdún kan gbáko kí ọ̀gá tó jẹ́ kó sọ gbólóhùn mẹ́ta níwájú èrò, ṣùgbọ́n ní gbogbo àkókò yẹn, ọ̀gá ń wò ó, ó ń gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, ó sì ń kíyè sí i bó ṣe ń pa àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́rìn-ín nídìí oúnjẹ. Fídíò àgbéléwò dé ní ìparí àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ náà sì kúrò lórí ìtàgé, wọ́n gba ojú kámẹ́rà lọ, ọ̀nà ìkọ́ṣẹ́ yẹn sì já fún ẹni tó bá fẹ́ ṣeré níwájú èrò.

Ọ́díṣọ̀n òde òní ló wá dípò rẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí márùn-ún sì ni gbogbo rẹ̀. Olùdíje á sọ àdásọ kan, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹnìkan ṣoṣo láti inú eré tó ti há sórí. Wọ́n lè ní kó kọrin tàbí kó jó. Wọ́n tún lè fún un ní ojú ìwé eré kan tí kò rí rí, kó kà á lójú ẹsẹ̀. Olùdarí tó mọṣẹ́ kì í wo bí ọmọ náà ṣe rẹwà tó. Ohun tó ń wá ni bóyá ohùn rẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jókòó lẹ́yìn pátápátá láìsí ẹ̀rọ gbohùngbohùn, àti bóyá, bí wọ́n bá ní kó sọ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà mìíràn, ó lè yí i padà. Àwọn tí wọ́n bá ní kí wọ́n padà wá lẹ́ẹ̀kejì, inú wọn ni wọ́n ti ń mú ẹni tí ipa tọ́ sí. Nínú eré Yorùbá, ìdánwò mìíràn tún wà tí kò sí nínú eré Gẹ̀ẹ́sì, ìyẹn ohùn orí ọ̀rọ̀, nítorí ẹni tó bá ń ki oríkì tó sì ń gbé àmì ohùn síbi tí kò yẹ, ìtumọ̀ ni ó ń bàjẹ́ lójú àwọn tó gbọ́ èdè. Ní ti èyí, ọmọ tó dàgbà sí àárín àwọn tó ń polówó ọsàn àti ọ̀pẹ̀ òyìnbó ní ọjà èso Kétu kò ní ohun tó fi kéré sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ olówó iyebíye.

Ó ṣeni láàánú, nígbà náà, pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ̀pọ̀ ìkéde ọ́díṣọ̀n ní Èkó, àní nígbà tó bá jẹ́ eré Yorùbá ni wọ́n fẹ́ ṣe. Ní 2012, nígbà tí ilé ìṣeré Globe ní London kó eré Shakespeare 37 jọ ní èdè 37, ẹgbẹ́ Renegade Theatre ti Wọlé Ògúntókun láti Èkó ló fi èdè Yorùbá ṣe Ìtàn Ògìnìntìn níbẹ̀, àwọn òyìnbó sì jókòó gbọ́ ọ. Èdè tó yẹ ní etí London kò lè di ohun ìtìjú nínú ìkéde tí wọ́n fẹ́ kí ọmọ Ìkòsì kà.

Ọ̀rọ̀ owó fọ́ọ̀mù ló burú jù. Àwọn tó ń gbà á máa ń ní àwíjàre pé gbọ̀ngàn kì í ṣe ọ̀fẹ́, pé epo jẹnẹrétọ̀ wọ́n, pé owó náà kò ju owó oúnjẹ lọ. Kò sí irọ́ nínú pé ìnáwó ni eré, ṣùgbọ́n agbátẹrù ló ni ìnáwó náà, nítorí pé òun ló ń wá ẹ̀bùn rà, òṣèré ló sì gbé ẹ̀bùn wá tà. Ẹni tó wá ra iṣu ní Mile 12 kì í ní kí oníṣu kọ́kọ́ san owó fún òun kí òun tó wo iṣu. Ẹlẹ́fẹ̀ lè sọ pé orúkọ Kòsọ́fẹ́, ìjọba ìbílẹ̀ tí Kétu wà nínú rẹ̀, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé kò sí ọ̀fẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rín nìyẹn, kì í ṣe ìdáhùn. Bí agbátẹrù bá sì ta fọ́ọ̀mù fún ọgọ́rọ̀ ọ̀dọ́ nígbà tó jẹ́ pé ipa mẹ́wàá péré ló wà nínú eré rẹ̀, ó ti jèrè kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ohun tó ń lé e láti ṣe eré náà rárá.

Àwọn mìíràn kò tilẹ̀ ní eré kankan nílẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe agbátẹrù tó ṣìnà, gbájú-ẹ̀ ni wọ́n, òfin sì ti dárúkọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2006 lòdì sí jìbìtì owó ìṣáájú sọ pé ẹni tó bá fi irọ́ gba owó tàbí dúkìá lọ́wọ́ ẹlòmíràn pẹ̀lú èrò àtilu jìbìtì yóò lọ ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 7, tí kò sì ju ọdún 20 lọ, láìsí àǹfààní láti san owó ìtanràn dípò rẹ̀. Ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà, níbi tí Hollywood wà, tún lọ jìnnà ju bẹ́ẹ̀ lọ: òfin kan tí wọ́n ṣe níbẹ̀ ní 2009 sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni gba owó ìṣáájú lọ́wọ́ òṣèré pẹ̀lú ìlérí pé òun yóò bá a wá ọ́díṣọ̀n tàbí iṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé ìlérí náà jẹ́ òótọ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ìwé ìròyìn yìí fẹ́ kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Èkó yẹ̀ wò, nítorí pé lábẹ́ òfin 2006, wọ́n gbọ́dọ̀ fi hàn nílé ẹjọ́ pé irọ́ ni wọ́n pa fún ọmọ tí wọ́n jẹ owó rẹ̀, ìyẹn kò sì rọrùn nígbà tó bá jẹ́ pé nọ́ńbà fóònù kan péré ni ọmọ náà mọ̀.

Ìdí tí irú nọ́ńbà fóònù bẹ́ẹ̀ fi ń rí ẹran mú ní Kétu ni pé eré orí ìtàgé jìnnà sí ojú àwọn ọ̀dọ́ ibẹ̀. Àwọn ibi tí eré ńláńlá ti ń wáyé, bí Terra Kulture ní Victoria Island, Freedom Park àti MUSON ní Erékùṣù Èkó, àti ilé ìṣeré ńlá Ìgànmú tí wọ́n fi orúkọ Wọlé Ṣóyínká sọ ní 2024, òdìkejì ìlú ni gbogbo wọn wà. Ọkọ̀ BRT tó ti ń gbéra ní Mile 12 láti 2008 ń gba Kétu kọjá títí dé CMS, ó sì ń kọjá ní Costain tí kò jìnnà sí Ìgànmú, ṣùgbọ́n owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta, pẹ̀lú títò láti òwúrọ̀ di ọ̀sán, kì í ṣe ohun kékeré fún ọmọ tó ń bá ìyá rẹ̀ tajà. Nígbà ìjọba Gómìnà Akínwùnmí Ambode, ìpínlẹ̀ kọ́ ilé ìṣeré mẹ́rin sí Ìgándò, Ẹ̀pẹ́, Àgbádárìgì àti Òrégún. Kò sí ọ̀kan tó bọ́ sí Kòsọ́fẹ́ nínú wọn, àmọ́ ti Òrégún kò jìnnà sí Kétu, ẹni tó bá gba Ọjọ́ta kọjá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Ìbéèrè tó yẹ kí àwọn aláṣẹ ibẹ̀ dáhùn ni iye ìgbà tí wọ́n ń ṣí ìlẹ̀kùn rẹ̀ fún ọ́díṣọ̀n gbangba lọ́dún.

Nítorí náà, ìwé ìròyìn yìí ń pe ìjọba ìbílẹ̀ Kòsọ́fẹ́ àti àwọn ìjọba ìdàgbàsókè ìbílẹ̀ Àgbóyì-Kétu àti Ìkòsì-Ìṣẹrí láti ya gbọ̀ngàn kan sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kódà bó jẹ́ gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n máa ń tì pa bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ti lọ sílé, kí agbátẹrù eré tó bá fẹ́ lè wá wo àwọn ọmọ adúgbò níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, níbi tí òbí lè jókòó sí. Ọ̀rọ̀ ọ̀sán gangan yìí ṣe pàtàkì fún àwọn ọmọbìnrin, tí àwọn kan ń pè wá sí yàrá òtẹ́ẹ̀lì lálẹ́ ní orúkọ ìdánwò. Ó sì ń pe àwọn ẹgbẹ́ òṣèré, NANTAP àti TAMPAN, láti kéde pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ gba owó ọ́díṣọ̀n, àti pé ìkéde tó bá ti ọwọ́ ọmọ ẹgbẹ́ wọn jáde gbọ́dọ̀ sọ orúkọ agbátẹrù, orúkọ eré, ibi àti ọjọ́ ìdánrawò, iye owó tí òṣèré yóò gbà, kí wọ́n sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú.

Títí tí gbogbo èyí yóò fi ṣẹ, ọmọ Kétu tí wọ́n bá ní kó kọ́kọ́ sanwó kí wọ́n tó gbọ́ ohùn rẹ̀, kó fi owó rẹ̀ sápò, kó wọkọ̀ padà sílé.