Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Tí Ìnàkí Jẹ, Ta Ni Yóò San Owó Rẹ̀?

 Ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya, ọ̀rọ̀ ọmọ, ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìlera ni a máa ń sọ ní ojú ìwé yìí. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i pé ọ̀rọ̀ ìnàkí ni a gbé wá lóṣù yìí, ẹ má ṣe ṣí ojú ìwé náà kọjá. Ọ̀rọ̀ ilé àti ìdílé náà ni. Etí igbó ni àwọn ìdílé tí a fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ wọn ń gbé, òun nìkan ni ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Àwọn onígbàgbọ́ kan wà tí inú máa ń bí bí wọ́n bá gbọ́ pé àwọn kan ń kó owó jọ láti dáàbò bo ẹranko. Wọ́n á ní, "Ènìyàn ń kú, ẹ ń sọ̀rọ̀ ẹranko!" A kò bá wọn wí. Ó yẹ kí ènìyàn bèèrè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibì kan wà ní orílẹ̀-èdè Ùgáńdà tí àwọn kan ti fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn dá irú ìbéèrè yìí lóhùn, ó sì yẹ kí gbogbo ìjọ tó ń ṣe iṣẹ́ àánú gbọ́ nípa rẹ̀.

Bwindi ni orúkọ igbó náà. Ó wà ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ùgáńdà, ní ẹ̀bá ààlà Kóńgò. Orí òkè àti inú àfonífojì ni, ó sì dí tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn Òyìnbó fi sọ ọ́ ní igbó àìṣeélàkọjá. Inú rẹ̀ ni irú ìnàkí ńlá kan wà, èyí tí wọ́n ń pè ní gòrílà orí òkè. Nígbà tí wọ́n kà wọ́n ní 2018, 459 ni wọ́n rí ní Bwindi àti igbó Sarambwe tó fara kọ́ ọ ní ilẹ̀ Kóńgò. Gbogbo èyí tó wà láyé nígbà náà kò ju 1,063 lọ. Kò sí ibòmíràn tí a tún lè lọ rí wọn bí kò ṣe ibẹ̀ àti àwọn òkè Virunga tí kò jìnnà sí i.

Bí ẹ bá dúró lórí òkè kan ní àgbègbè náà, ẹ ó rí igbó ní ọwọ́ kan, ẹ ó rí oko ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ọ̀dùnkún àti tíì ní ọwọ́ kejì. Kò sí àyè kankan láàárín méjèèjì. Ibi tí igbó parí sí ni oko ti bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, àwọn ará abúlé a máa wọ inú igbó lọ wá igi ìdáná, oyin, ewé àti egbò fún ìwòsàn, àti igi tí wọ́n fi ń kọ́lé. Ní 1991, ìjọba sọ igbó náà di ọgbà ẹranko ti orílẹ̀-èdè, wọ́n sì ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe wọ ibẹ̀ mọ́. Wọn kò fi bẹ́ẹ̀ bi àwọn tó ń gbé etí igbó léèrè kí wọ́n tó ṣe é. Inú bí àwọn ènìyàn. Àwọn mìíràn tilẹ̀ dáná sun igbó. A kò sọ pé ohun tí wọ́n ṣe yẹn dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ro ti ẹni tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ lójijì, tí igi ìdáná rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn náà.

Ẹranko ní tirẹ̀ kò mọ ààlà. Ìnàkí a máa jáde wá fa igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ ya, á jẹ inú rẹ̀. Ọ̀bọ a máa hú ọ̀dùnkún. Ẹlẹ́dẹ̀ igbó a máa wá lóru. Olóko kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìnàkí, ẹ̀wọ̀n ni. Nítorí náà, ọmọ tó yẹ kó wà ní ilé-ìwé ni wọ́n máa ń fi sí oko láti lé ẹranko. Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ, ẹ̀kọ́ ọmọ lọ, igi ìdáná sì ti di èèwọ̀. Àwọn wọ̀nyí ti ń sanwó ìdáàbòbò ìnàkí kí ẹgbẹ́ aláàánú kankan tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ìdí nìyí tí a fi rò pé orúkọ tí kò tọ́ ni a ń pe ìrànlọ́wọ́ tó ń dé ọ̀dọ̀ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀. A ń pè é ní àánú, nígbà tó jẹ́ pé gbèsè ni à ń san.

(Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè nìkan ni. Láti 1925 ni igbó Omo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ti jẹ́ igbó ìjọba. Erin wà níbẹ̀, àwọn àgbẹ̀ kòkó náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tí erin bá ti wọ oko rẹ̀ rí yóò mọ ohun tí à ń wí.)

Ní 1996, nǹkan kan ṣẹlẹ̀ ní Bwindi. Irun bẹ̀rẹ̀ sí í re lára àwọn ìnàkí kan, ara ń yún wọn, wọ́n ń rù. Dókítà ẹranko kan tí kò tíì pé ọmọ 30 ọdún, Gladys Kalema-Zikusoka, ni wọ́n ránṣẹ́ pè. Òun ni dókítà ẹranko àkọ́kọ́ tí àjọ ìjọba Ùgáńdà tó ń bójú tó ẹranko igbó gbà síṣẹ́. Kí ó tó lọ, ó bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ dókítà ènìyàn léèrè pé àrùn awọ ara wo ló wọ́pọ̀ jù láàárín àwọn ènìyàn agbègbè náà. Èsì tó gbà ni kúrúnà. Kúrúnà náà sì ni ó bá lára ìnàkí! Ọmọ ìnàkí kan kú, wọ́n fún àwọn yòókù ní oògùn, ara wọn sì yá.

Níbo ni ìnàkí ti kó kúrúnà? Àwọn àgbẹ̀ a máa ri igi mọ́lẹ̀ lóko, wọ́n á wọ̀ ọ́ ní àkísà bí ènìyàn kí ẹranko lè máa sá. Aṣọ ẹni tó ní kúrúnà ló wà lára igi, ìnàkí wá jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó fọwọ́ kan aṣọ. Ohun tí wọ́n gbà pé ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Ara ìnàkí jọ ti ènìyàn púpọ̀, àrùn wa a máa ràn wọ́n (a kò wí pé ìnàkí ni bàbá ńlá wa o!). Ẹ wá wò ó: nítorí pé tálákà kan kò ní omi tó tó àti ọṣẹ, tí kò sì sí ilé ìwòsàn nítòsí rẹ̀, ẹranko tí àwọn olówó ayé ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá wò kú. Ìlera tálákà tí ẹnikẹ́ni kò kà sí di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé.

Obìnrin yìí lè ní kí wọ́n fi ẹ̀ṣọ́ púpọ̀ kún ẹ̀ṣọ́. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n lọ bá àwọn ará abúlé, wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, wọ́n sì bi wọ́n léèrè pé kí ni ṣíṣe. Àwọn ará abúlé ní kí wọ́n mú ìtọ́jú ìlera sún mọ́ àwọn. Ní 2003, òun àti ọkọ rẹ̀, Lawrence, pẹ̀lú ẹnì kan tó ń bá wọn ṣiṣẹ́, dá ẹgbẹ́ aláàánú kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Conservation Through Public Health. Ohun tí orúkọ náà ń sọ ni pé ìlera ará ìlú ni a ó fi dáàbò bo ẹranko.

Láti 2007 ni wọ́n ti ní àwọn ọkùnrin àti obìnrin ní abúlé kọ̀ọ̀kan tí ń lọ láti ilé dé ilé. Ẹni tí ikọ́ rẹ̀ pẹ́, wọ́n á ní kí ó lọ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Wọ́n á wo ṣáláńgá, wọ́n á wo bóyá omi ìfọwọ́ wà lẹ́bàá rẹ̀, wọ́n á béèrè nípa oúnjẹ àwọn ọmọ. Bí ìnàkí bá ti wọ oko ẹnì kan, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ránṣẹ́ sí àwọn tí ń dà wọ́n padà sínú igbó ní ìrọ̀rùn. A kì í san owó oṣù fún wọn. Ẹran ọ̀sìn ni ẹgbẹ́ ń fún wọn lápapọ̀ kí wọ́n máa sìn ín, kí èrè rẹ̀ lè jẹ́ tiwọn. Ìyẹn dùn mọ́ wa nínú, nítorí iṣẹ́ tí owó òkèèrè nìkan ń gbé ró, ọjọ́ tí owó bá tán ni iṣẹ́ ń tán.

Àwọn kan nínú wa kò ní fẹ́ gbọ́ pé ìfètò-sọ́mọ-bíbí wà nínú ohun tí wọ́n ń kọ́ni. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Bàbá tó ní ilẹ̀ kékeré kan ní etí igbó, tó bí ọmọ mẹ́wàá, bí ó bá kú, wọ́n á pín ilẹ̀ náà sí mẹ́wàá. Èyí tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan kò ní tó gbin ẹ̀wà ọdún kan. Ibo ni àwọn ọmọ náà yóò yà sí bí kò ṣe inú igbó? Kí ọkọ àti aya jókòó, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì jọ pinnu iye ọmọ tí agbára wọn ká, a kò rí ẹ̀ṣẹ̀ nínú rẹ̀.

Àwọn owó mìíràn náà wà. Ní 1994 ni wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún Bwindi àti ọgbà Mgahinga. Wọ́n fi owó náà dókòwò, èrè rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń ná, ètò tí wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ ni pé kí 60 nínú 100 èrè náà lọ sí iṣẹ́ àwọn ará abúlé, irú bí ilé-ìwé àti ilé ìwòsàn. Ní ti ìwé àṣẹ tí àlejò ń gbà kí ó tó lè rí ìnàkí, 800 dọ́là ni ó dà fún àwọn ará òkèèrè ní 2024. Ohun tí wọ́n ń yà sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ará etí igbó ni 10 dọ́là, yàtọ̀ sí ìpín wọn nínú owó ẹnu ọ̀nà. Dọ́là mẹ́wàá! Ẹni tí ìnàkí ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nìyẹn o.

Nígbà tó wá di 2020, àrùn kòrónà dé. Ní oṣù Kẹta, àlejò kò wá mọ́. Àwọn tó ń ru ẹrù fún àlejò, àwọn obìnrin tó ń hun agbọ̀n tà, gbogbo wọn jókòó sílé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà, wọ́n wá akọ ìnàkí ńlá kan tí ń jẹ́ Rafiki tì, ọjọ́ kejì ni wọ́n rí òkú rẹ̀. Ọ̀kọ̀ ni wọ́n fi gún un. Ọkùnrin tí wọ́n mú ní ẹran ni òun ń dọdẹ rẹ̀, pé ìnàkí náà kọjú ìjà sí òun, òun sì gbèjà ara òun. Wọ́n rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 11. Òfin ni òfin, a kò ní gbè é lẹ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyà ṣe ń jẹ ọ̀daràn, ìyàwó àti ọmọ ń bẹ nílé lágbègbè náà tí ikòkò wọn ṣófo bákan náà, tí ẹnikẹ́ni kò tíì mú ọ̀kọ̀ níbẹ̀. Àwọn ni ẹgbẹ́ Gladys dojú kọ. Wọ́n pín irúgbìn oúnjẹ tí kì í pẹ́ so fún ìdílé tó lé ní 1,000. Ní 2015 ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá iṣẹ́ òwò kan sílẹ̀ tó ń ra kọfí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ etí igbó ní iye tó ju ti ọjà lọ, nítorí ọjọ́ tí àlejò kò bá wá. Àpọ́sítélì Jákọ́bù kò ṣàì mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ẹni tó ń kí aláìní kú ebi, tí kò fún un ní nǹkan (Jákọ́bù orí 2, ẹsẹ 15 àti 16). Irúgbìn kì í ṣe ìkíni.

Gbèsè kan ṣì wà tí kọfí àti irúgbìn kò lè san. Kí àwọn àgbẹ̀ tó dé ni àwọn kan tí ń jẹ́ Batwa ti ń gbé inú igbó náà, ọdẹ ni wọ́n, oyin àti èso igbó ni oúnjẹ wọn. Nígbà tí igbó di ọgbà ẹranko ní 1991, wọ́n lé wọn jáde. Wọn kò ní oko níta, wọn kò ní ilẹ̀, orí ilẹ̀ onílẹ̀ ni wọ́n bá ara wọn. Ẹ rántí Nábótì nínú Ìwé Àwọn Ọba Kìíní orí 21. Áhábù tó burú tó bẹ́ẹ̀ pàápàá kọ́kọ́ fẹ́ san owó ọgbà àjàrà náà tàbí kí ó fi òmíràn tó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ pààrọ̀ rẹ̀. Àwọn Batwa kò rí ẹni bi wọ́n ní iye tí wọ́n fẹ́ gbà.

Dókítà Scott Kellermann àti aya rẹ̀ Carol, míṣọ́nnárì láti Amẹ́ríkà, kó lọ bá wọn gbé ní 2001. Wọ́n rí i pé nínú 100 ọmọ Batwa, 38 ló ń kú kí wọ́n tó pé ọdún márùn-ún. Abẹ́ igi ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, orí ẹ̀ka igi ni wọ́n ń fi omi ìtọ́jú kọ́ fún aláìsàn. Ibẹ̀ ló di ilé ìwòsàn ńlá lábẹ́ Ìjọ Ùgáńdà, tó ń tọ́jú Batwa àti ẹni tí kì í ṣe Batwa. Àwọn ẹgbẹ́ aláàánú sì ra ilẹ̀ fún díẹ̀ nínú wọn.

Àwọn Batwa fúnra wọn gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2013. Ọdún kẹjọ ni ìdájọ́ jáde. Ní oṣù Kẹjọ 2021, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfin ìpìlẹ̀ Ùgáńdà sọ pé wọn kò rí owó gbà-má-bínú tó tọ́ gbà, àti pé ó tọ́ sí wọn. Ìjọba kò gbà bẹ́ẹ̀. Wọ́n pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.