Ẹni Tí Kò Gun Alùpùpù Rí, Kékeré Ni Kí Ó Kọ́kọ́ Rà

Ẹ̀yin ọmọ Ẹgbẹ́ wa ní ẹ̀ka Sókótó, ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú. Ṣùgbọ́n bí àwa tí a jọ wà ní àjò kò bá lè sọ òótọ́ fún ara wa, ta ni yóò bá wa sọ ọ́?

Gbogbo wa la wà ní ìpàdé tó kọjá nígbà tí ọ̀dọ́mọkùnrin wa kan, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fíríìdọ́ọ̀mù iṣẹ́ káfíńtà, wá tọrọ owó yíyá nínú àpò Ẹgbẹ́ láti fi ra alùpùpù. Ọmọ náà kò purọ́: kò gùn ún rí, àfi bí wọ́n bá gbé e sẹ́yìn. Kí alága tó lanu, ariwo ti sọ: "Ẹ ra ńlá fún un! Kékeré kò yẹ ọmọ wa. Orí rẹ̀ náà ni yóò ti kọ́ ọ!" Ilé ho, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n bi mí bóyá mo ń ṣe ìlara ọmọ ọlọ́mọ ni. Ìdáhùn mi nìyí.

Mo ní, ẹni tí kò gun alùpùpù rí, kékeré ni kí ó kọ́kọ́ rà. Kí ó kọ́ ọ dáadáa, kí ó máa dé hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì, kí ó lò ó fún ọdún kan. Lẹ́yìn náà, bí ó bá fẹ́ ńlá, kí ó ta kékeré kí ó fi owó kún un. Bí owó Ẹgbẹ́ kò bá ní ṣe èyí, ó sàn kí owó náà jókòó sínú àpò.

Kì í ṣe ẹnu ẹlòmíràn ni mo ti gbọ́ ọ. Ní ọdún 2019, èmi fúnra mi ni mo ra alùpùpù ẹ́ńjìnnì 150 fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ọmọ ọdún 19 ni. Mo rí i pé ọmọ aládùúgbò mi ní irú rẹ̀, mo sì ní tèmi kò ní kéré sí tirẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà gùn ún, orí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló kan ilẹ̀. Ẹni tó tà á fún wa ní yóò mọ́ ọn lára. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ní ìyànà oníyanrìn kan, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ bọ́ sójú ọ̀nà. Ọmọ náà kò sáré. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ló jẹ́rìí sí i. Ó fún búrékì, alùpùpù fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbé e dúró, ẹsẹ̀ kò tó ilẹ̀. Wọ́n jọ ṣubú ni, irin sì dà lé e lójúgun. Egungun náà ṣẹ́ sí méjì. Títí di òní, ó ń tiro.

Nígbà tí mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní ilé, wọn kò bú mi, wọn kò sì sunkún sí mi létí. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bi mí: "Ta ló yan maṣíìnì yẹn fún un?" Ẹ̀yin ará, n kò tíì rí èsì fún wọn títí di ìsinsìnyí.

Ẹ jẹ́ kí n mú àwíjàre àwọn tó ń pariwo ńlá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Wọ́n ní kékeré ń dójú tini. Ojú ta ni ó tì? Ní ọdún 1958 ni ilé iṣẹ́ Honda ní Japan mú alùpùpù kékeré kan jáde, Super Cub, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju 50 lọ. Nígbà tó fi di ọdún 2017, iye tí wọ́n ti ṣe ti pé mílíọ̀nù 100. Kò sí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì mìíràn láyé tí wọ́n tíì ṣe tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ẹ rántí: kí ni tíṣà àti nọ́ọ̀sì ń gùn ní ìlú wa nígbà tí ẹ wà ní ọmọdé? Ṣé Honda kékeré kọ́? Ta ló fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́? Láti ara orúkọ Okada Air, ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ni a ti ń pe alùpùpù ní ọ̀kadà; bóyá ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi rò pé dandan ni kí ó fò. Orí ilẹ̀ ló ń rìn, ẹ̀yin ará mi, orí ilẹ̀ náà ló sì ń la ènìyàn mọ́.

Wọ́n ní orí rẹ̀ náà ni yóò ti kọ́ ọ. Ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ọjọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ òsì ń wá kílọ́ọ̀ṣì, ọwọ́ ọ̀tún ń wá iná àti búrékì iwájú, ẹsẹ̀ òsì ń wá jíà, ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wá búrékì ẹ̀yìn, ojú sì gbọ́dọ̀ wà lọ́nà. Bí ẹ̀rù bá ba akẹ́kọ̀ọ́, ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ yóò fún ohun tó dì mú, kò sì ní mọ̀ pé iná ni òun ń fún un. Ẹ́ńjìnnì kékeré yóò kàn bú ni. Ńlá yóò fò lọ tòun tirẹ̀. Ẹ sì rántí pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ilẹ̀ tí búrékì yóò jẹ kí ọkọ̀ tó dúró a di ìlọ́po mẹ́rin. Bí ẹni tó ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan bá lo mítà 6 kó tó dúró, ẹni tó ń sá 60 yóò lo mítà 24. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò ní dúró de mítà 24.

Wọ́n ní ńlá ló ń mówó wọlé. N kò ní purọ́: ní ọ̀nà oko tó jìn, pẹ̀lú àpò àlùbọ́sà lẹ́yìn, ńlá ló yẹ. Ṣùgbọ́n ṣé ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n gùn ló yẹ kó ru àlùbọ́sà? Ọmọ wa yìí, káfíńtà ni. Ayùn rẹ̀ àti ara rẹ̀ ló fẹ́ gbé dé ibi iṣẹ́. Bí ó bá sì ní òun yóò fi gbé èrò, òfin ìrìnnà Nàìjíríà kò gbà ju èrò kan ṣoṣo lọ lórí alùpùpù, bí ó ti wù kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tóbi tó. Ẹni tó tọrùn bọ gbèsè nítorí ńlá, gbèsè náà ni yóò lé e jáde sójú títì ní ọjọ́ kejì, kí ọwọ́ rẹ̀ tó rọ̀. Ẹ tún wo àwọn ìlú mìíràn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2013, ìjọba Kánò fòfin de acaba. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹfà ọdún 2022, ìjọba Èkó lé ọlọ́kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Òfin dé, ṣùgbọ́n gbèsè kò bá òfin lọ. Kékeré tí a fi ń lọ síbi iṣẹ́ ẹni kò ní í fi gbogbo ayé ọmọ sínú ewu bẹ́ẹ̀.

Báwo wá ni a ṣe ń yan án? Ojú kọ́ ni a fi ń yan alùpùpù, ara ni. Kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ bá wa dé ọjà. Kí ó jókòó lé e, kí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì balẹ̀ pẹrẹsẹ. Kí ó tì í síwá sẹ́yìn láìtan iná sí i. Kí ó dà á sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó sì dá a gbé dìde láìké sí ẹnikẹ́ni. Èyí tí kò bá lè dá gbé dìde kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ́ńjìnnì 100 tó fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò sì sí ìtìjú nínú 70. Ẹni tí kílọ́ọ̀ṣì bá ń dẹ́rù bà, irú èyí tí a ń fẹsẹ̀ yí jíà rẹ̀ láìsí kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ wà. Òun ló dára fún àwọn ọmọbìnrin wa tó ń lọ ṣe tíṣà àti àwọn ìyá wa tó fẹ́ máa dá lọ sọ́jà. Kí ó jẹ́ irú tí àwọn mẹkáníìkì ìlú yìí mọ̀ tí ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà lọ́jà, nítorí akẹ́kọ̀ọ́ yóò dà á ṣubú, yóò ṣẹ́ ọwọ́ búrékì, yóò fọ́ gíláàsì.

Bí ó bá jẹ́ èyí tí ẹnìkan ti lò, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín lọ, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn tò lọ́gbọọgba. Ẹ wo fọ́ọ̀kì rẹ̀ bóyá ó wọ́, ẹ wo ara irin rẹ̀ bóyá wọ́n ti jó o pọ̀. Bí èéfín aláwọ̀ búlúù bá ń jáde ní sàláńsà, ó ń jẹ ọ́ìlì. Lékè gbogbo rẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára irin gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu. A kì í fi olówó pọ́ọ́kú ra ẹjọ́ olè nílẹ̀ onílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì kù. Ẹ rántí oṣù Kìíní ọdún 2009, nígbà tí àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí kò bá dé e. Àwọn ọlọ́kadà kan gbé igbá sórí, àwọn mìíràn dé agolo ọ̀dà. A rẹ́rìn-ín nígbà náà. Èmi kò rẹ́rìn-ín mọ́, nítorí títí di òní, ẹni tó ra maṣíìnì owó gọbọi yóò ní òun kò rí owó hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì tí a dé dáadáa ń dín ewu ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ewu kí orí ṣèṣe kù ní ìdá 69 nínú 100. Èyí tí a fi kọ́ ọwọ́ kò dín nǹkan kan kù.

Nítorí náà, mo fẹ́ kí ìpàdé tó ń bọ̀ pinnu ohun mẹ́ta. Èkíní, kí Ẹgbẹ́ má ṣe yá ẹnikẹ́ni lówó alùpùpù àkọ́kọ́ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ju 100 lọ. Èkejì, kí a ra hẹ́lìmẹ́ẹ̀tì méjì kí a tó ra alùpùpù, ọ̀kan fún ẹni tó ń gùn ún, ọ̀kan fún ẹni tó ń gbé sẹ́yìn. Ẹ̀kẹta, kí àgbà kan nínú wa tó mọ̀ ọ́n gùn mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí pápá ní ìdájí fún oṣù kan gbáko: kí ó kọ́ bí a ṣe ń fún búrékì iwájú àti ti ẹ̀yìn pọ̀ ní pẹ̀lẹ́, bí a ṣe ń dẹ eré kí a tó dé orí yanrìn, àti bí a ṣe ń tan iná nínú kùrukùru ọyẹ́. Kí ó tó gba ìwé àṣẹ, kí ó má gbé èrò kankan. Èmi yóò kọ́kọ́ yọ̀ǹda ara mi fún iṣẹ́ pápá yìí. Gbèsè ni mo ń san.

Àwọn Hausa tó gbà wá lálejò máa ń sọ pé sannu ba ta hana zuwa: pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò ní kí á má dé. Àwa náà ní tiwa nílé: ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ìyá ọmọ wa káfíńtà wà nílé, wọ́n ń retí rẹ̀ ní ọdún. Bí wọ́n bá bi wá pé ta ló yan maṣíìnì fún un, ẹ jẹ́ kí gbogbo wa lè dáhùn pé àwa ni, kí ojú má tì wá.