Ẹ Má Fi Etí Ra Tẹlifíṣọ̀n

Láti ìgbà tí àwọn ọmọ tuntun ti dé sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí, ìbéèrè tí wọ́n ń bi mí jù kì í ṣe ti ìdánwò, kì í sì í ṣe ti físà. Tẹlifíṣọ̀n ni. "Ẹ̀gbọ́n, èwo ni kí n rà? Ṣé 4K ni àbí OLED?" N ó sọ èyí tí mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ohun tí ojú mi rí.

Ní November 2023, nígbà tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń já owó ọjà wálẹ̀, mo san £330 lórí tẹlifíṣọ̀n oní-ínṣì 50. Owó iṣẹ́ tí òfin là sílẹ̀ fún àgbàlagbà nígbà náà jẹ́ £10.42 fún wákàtí kan. Ẹ ṣírò rẹ̀: iṣẹ́ bíi wákàtí 32 ni, bẹ́ẹ̀ wákàtí 20 péré ni físà gbà wá láyè láti ṣe lọ́sẹ̀ nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá wọlé. Wọ́n kọ 4K, HDR àti "Motion 800" sára páálí rẹ̀, mo sì kà á bí ẹni ń ka oríkì.

Ní alẹ́ Sátidé mo pe àwọn ọ̀rẹ́, a fi fíìmù Yorùbá kan sí i. Nígbà tí eré dé ibi tí àwọn àgbà ìlú ti ń ṣèpàdé lóru pẹ̀lú fìtílà, gbogbo rẹ̀ di eérú. Eyín nìkan ni a ń rí. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ṣé NEPA mú iná lọ nínú fíìmù náà ni?"

Ohun tí ó fà á nìyí. Nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú tẹlifíṣọ̀n, iná wà lẹ́yìn, ojú rẹ̀ ni ó sì ń dí iná náà níbi tí àwòrán bá dúdú. Kì í dí i tán, nítorí náà dúdú ń di eérú. Ìyàtọ̀ láàárín funfun rẹ̀ àti dúdú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní contrast. Ojú tí wọ́n ń pè ní IPS kì í sábà ju 1000 sí 1 lọ; èyí tí ń jẹ́ VA a máa tó 3000 tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ti OLED yàtọ̀: àmì tín-ín-tìn-ìn-tín kọ̀ọ̀kan ló ń tan iná tirẹ̀, ó sì lè pa á pátápátá. Kò sí dúdú tí ó dára tó o, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ pọ̀, àmì ìkànnì tí kò kúrò lójú kan sì lè fi àpá sí i lára bí ó bá pẹ́. Fún àwa tí ojú wa dúdú, tí àwọn òṣèré wa sì dúdú, nọ́ńbà yìí ni bàbá gbogbo wọn. (Ẹ má ka "dynamic contrast" olóókan mílíọ̀nù sí rárá, ariwo ọjà ni.)

VA ní àbùkù tirẹ̀: ẹni tí ó bá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í rí àwọ̀ dáadáa. Bí ènìyàn mẹ́jọ bá ń kún yàrá yín fún bọ́ọ̀lù, IPS ni yóò tẹ́ wọn lọ́rùn. Èmi ìbá ra VA, kí n sì tún àga tò.

Ní ti HDR, ọ̀rọ̀ yẹn lára páálí kàn ń sọ pé tẹlifíṣọ̀n náà lè gba irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò bá ju nits 300 lọ, níbo ni yóò ti rí agbára tí yóò fi gbé e jáde? Ẹ wá 600 ó kéré tán.

4K? Lórí ínṣì 50, bí ẹ bá ti jókòó jìnnà ju mítà méjì lọ, ojú tí ó mọ́ gaara pàápàá kò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí HD. Mítà méjì ààbọ̀ ni ibùsùn mi jìnnà sí tèmi. Ẹ kò lè sá fún 4K mọ́ lórí àwọn ńlá, ṣùgbọ́n ẹ má fi kọ́bọ̀ kún owó nítorí 8K. "Motion 800" náà, ìṣírò ilé iṣẹ́ ni. Àwòrán bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń gbé sáfẹ́fẹ́ níbí kì í ju 50 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Àwọn tí ń ta géèmù, bíi lórí PS5, ni 120 Hz tòótọ́ lè wúlò fún jù.

Ẹ rántí owó ìwé-àṣẹ pẹ̀lú, tí ó di £174.50 ní April 2025, fún ẹni tí ń wo ètò ní àkókò tí ó ń lọ lọ́wọ́ tàbí tí ń lo BBC iPlayer. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí ará Amẹ́ríkà ra tirẹ̀ lọ sílé, kí ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá wọ́n kọ 100–240V síbẹ̀. Bí 120V nìkan bá ni, iná ilé wa yóò jó o.

Nígbà tí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ mú fíìmù òru kan dání lórí fláàṣì. Ẹ ní kí wọ́n yí àwòrán kúrò ní "Vivid" sí "Movie", kí ẹ sì wo ojú àwọn òṣèré. Tèmi ṣì wà nínú yàrá mi. Mo ti gbé fìtílà kékeré sẹ́yìn rẹ̀, ó sì ràn án lọ́wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n bí fíìmù bá ti fẹ́ di òru, ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi ni a ń kó lọ.