Irà kò gbé ọkọ̀ ojú irin mì
Nígbà tí ẹnjiníà George Stephenson dúró níwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1825, tó ní ọkọ̀ ojú irin lè rìn láti Liverpool dé Manchester, ṣe ni àwọn agbẹjọ́rò alátakò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní irà Chat Moss tó wà lójú ọ̀nà náà yóò gbé gbogbo rẹ̀ mì. Àbá òfin tí wọ́n fẹ́ fi la ojú irin náà forí ṣánpọ́n. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, kì í ṣe ẹ̀tanú nìkan ló gbé e ṣubú: ìwọ̀n ilẹ̀ tí wọ́n bá a ṣe kò péye, kò sì rí àlàyé ṣe. Ìdí nìyí tí ojú mi kì í fi gba ẹnjiníà tó bá ń fárígá nítorí pé wọ́n bi í ní ìbéèrè. Wọ́n tún ilẹ̀ wọ̀n, òfin jáde lọ́dún 1826, Stephenson sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Irà ńkọ́? Ẹ̀ka igi àti koríko ni wọ́n tẹ́ lé ẹrẹ̀ náà bí ẹní, lórí ara wọn, títí ojú irin fi léfòó bí igbá lórí omi. Wọ́n ṣí ojú irin náà lọ́dún 1830. Ọkọ̀ ṣì ń gba ibẹ̀ kọjá lónìí.