Oògùn òwú tí kò pa wá lójú ẹsẹ̀

Ní Kétu wa níbí, tí ẹ bá sọ fún àgbẹ̀ pé oògùn tó ń fọ́n sí òwú léwu, ohun kan náà lẹ máa gbọ́: «Ọdún kelòó rèé tí mo ti ń fọ́n ọn? Ṣé mo kú ni?» Àwa tí à ń kọ́ àwọn olùkọ́ níṣẹ́ ń gbọ́ ọ lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́ wa náà, ọmọ àgbẹ̀ ṣáà ni púpọ̀ nínú wọn.

Àwọn kan kú o. Ní àsìkò òwú 1999 sí 2000, endosulfan pa ènìyàn ní Borgou, títí kan àwọn tó jẹ oúnjẹ tí oògùn ti kàn. Ní 2011, àdéhùn Stockholm kà á mọ́ àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì. Ṣùgbọ́n ikú òjijì yẹn ti jẹ́ ká gbàgbé ewu kejì, èyí tí kì í pariwo.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì ara wa ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Ihò tóóró wà láàárín sẹ́ẹ̀lì kan àti èkejì, ibẹ̀ ni ìròyìn ń gbà kọjá. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́ tó fẹ́ máa pọ̀ ní ìpakúpa, àwọn tó yí i ká ló ń dá a lọ́wọ́ kọ́, bí ará agbo ilé ṣe ń bá ọmọ tó fẹ́ ya ìpáǹle wí. Ní 1979, Yotti, Chang àti Trosko ní Yunifásítì Michigan State fi hàn pé èròjà kan láti inú òróró èso croton, tó ń mú kókó dàgbà lára eku, ń dí ọ̀nà ìròyìn yìí. Lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn rí i, nínú sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń sìn nínú àwo, pé DDT, lindane àti endosulfan ń ṣe bákan náà. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ lè má ba jíìnì jẹ́ rárá. Ó kàn pa àwọn aládùúgbò lẹ́nu mọ́ ni. Àyẹ̀wò tó bá ń wá jíìnì tó bàjẹ́ nìkan, kò ní rí i.

Àwo kì í ṣe ènìyàn, a ò sì sọ pé gbogbo ẹni tó fọ́n oògùn ló máa ní jẹjẹrẹ. Àmọ́ ní ti lindane, IARC, àjọ tó ń wádìí jẹjẹrẹ ní Lyon, kéde ní 2015 pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún ènìyàn.

Ohun tó yẹ kí àgbẹ̀ mọ̀ ni pé irú èròjà yìí, àfi tó bá ń wọlé léraléra fún ìgbà pípẹ́. Tó bá dáwọ́ dúró lásìkò, ọ̀nà ìròyìn lè ṣí padà. Nítorí náà, àwọn nǹkan kéékèèké ojoojúmọ́ ló ń bà wá lẹ́rù jù: aṣọ tí wọ́n fi fọ́n oògùn tí wọ́n tún wọ̀ jẹun, oògùn òwú tí wọ́n ń fọ́n sí ẹ̀wà, bídọ́ọ̀nù oògùn tí ìyá kan fọ̀ tó fi ń gbé epo pupa lọ sọ́jà.