Mímọ Àtúbọ̀tán Oògùn Ṣáájú Lílò Rẹ̀

Àwọn àgbà ilẹ̀ Yorùbá a máa sọ pé tibi tire ni a dá ilé ayé. Ọ̀rọ̀ yìí bá oògùn mu púpọ̀. Oògùn tí ó lágbára láti lé àrùn jáde nínú ara kò ṣàì ní ohun mìíràn tí ó lè ṣe fún ara kan náà. Ohun mìíràn yìí ni wọ́n ń pè ní àtúbọ̀tán oògùn. Nígbà mìíràn ó lè kéré bí òòyì tàbí ẹnu kíkorò, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀ ó lè le débi pé yóò gba ẹ̀mí. Ẹni tí ó gbé oògùn mì láìmọ èyí tí yóò bá pàdé dà bí ẹni tí ó wọ ọkọ̀ láìbéèrè ibi tí ọkọ̀ náà ń lọ.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá àpẹẹrẹ tí ó sún mọ́ ilé, kí ó béèrè ọ̀rọ̀ chloroquine lọ́wọ́ àwọn àgbàlagbà Ọ̀rà, Òkè-Ìlá àti Ìlá-Ọ̀ràngún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn mọ̀ ọ́n sí Nivaquine. Ilẹ̀ Jámánì ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe oògùn yìí ní ọdún 1934, nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì sì parí, ó di oògùn ibà tí ó gbajúmọ̀ káàkiri ayé. Kò wọ́n, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ó ní àtúbọ̀tán kan tí ó wọ́pọ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú ju àwọn ẹ̀yà mìíràn lọ: ara yíyún. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lò ó ni yíyún náà yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì le débi pé kò ní lè fojú kan oorun.

Hóró mẹ́wàá ni àgbàlagbà ní láti lò láàárín ọjọ́ mẹ́ta nígbà náà: mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà, méjì lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà, méjì ní ọjọ́ kejì, méjì ní ọjọ́ kẹta. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó lo mẹ́rin àkọ́kọ́, tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún wọn, tí wọ́n sì da ìyókù nù. Nítorí pé ibà ti rọlẹ̀ díẹ̀, wọ́n rò pé àlàáfíà ti dé. Wọn kò mọ̀ pé kòkòrò ibà tí kò tíì kú ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn ṣáájú pé yíyún náà kì í pani, pé yóò lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, àti pé bí ó bá le jù, kí wọ́n padà lọ bá ẹni tí ó fún wọn ní oògùn, kí ó fún wọn ní òmíràn. Lílo oògùn ní ààbọ̀ báyìí wà lára ohun tí ó jẹ́ kí kòkòrò ibà mọ́ra dé ibi tí kò ka chloroquine sí mọ́. Ní ọdún 2005, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà yí ìlànà ìtọ́jú ibà padà, wọ́n sì fi àwọn oògùn alápapọ̀ bí artemether àti lumefantrine rọ́pò rẹ̀.

Oògùn kan náà yìí tún jáde ní ọ̀nà mìíràn ní ọdún 2020. Nígbà tí àrùn kòrónà gba ayé kan, Donald Trump, tí ó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, yin chloroquine ní gbangba ní oṣù kẹta ọdún náà. Kò pẹ́ tí àwọn ènìyàn fi ya lọ sí ilé oògùn ní Èkó láti rà á. Àwọn kan lò ó ju bí ó ti yẹ lọ, wọ́n sì di èrò ilé ìwòsàn, títí tí àwọn aláṣẹ ètò ìlera fi kéde ìkìlọ̀. Ní ìpínlẹ̀ Arizona ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan kú nígbà tí ó gbé chloroquine tí wọ́n fi ń tọ́jú omi ẹja mì. Àwọn tí ó sáré rà á kò mọ̀ pé àyè tí ó wà láàárín ìwọ̀n tí ń woni sàn àti ìwọ̀n tí ń pani kò fẹ̀ nínú oògùn yìí, àti pé bí ó bá pọ̀ jù, ó lè da lílù ọkàn rú, kí ó sì pani láàárín wákàtí díẹ̀. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún 2020, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà fagi lé àṣẹ pàjáwìrì tí wọ́n fi ń lò ó fún àrùn kòrónà, nítorí ẹ̀rí fi hàn pé kò wo àrùn náà.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà. Àwọn ti àkọ́kọ́ bẹ̀rù ohun tí kì í pani, wọ́n sì fi oògùn tí ìbá wò wọ́n sàn sílẹ̀. Àwọn ti ẹ̀ẹ̀kejì kò bẹ̀rù ohun tí ń pani, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn mu májèlé. Àìmọ̀ kan náà ni ó bí àṣìṣe méjèèjì. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé kíkọ́ nípa àtúbọ̀tán oògùn ń dẹ́rù ba aláìsàn kò sọ gbogbo òótọ́. Ìmọ̀ ni ó ń fi ìbẹ̀rù sí àyè rẹ̀. Aláìsàn tí wọ́n ti sọ fún ṣáájú pé òòyì lè kọ́ ọ díẹ̀ kò ní sọ oògùn nù nígbà tí òòyì bá dé. Ẹni tí wọ́n sì ti sọ fún pé bí ètè tàbí ojú bá wú, tí mímí bá nira, tàbí tí awọ ara bá bẹ̀rẹ̀ sí í bó, kí ó sáré lọ sí ilé ìwòsàn, kò ní jókòó sílé kí ó máa retí òwúrọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kò parí sórí oògùn ibà. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí ń gun ọ̀kadà láàárín Ọ̀rà àti Ìlá-Ọ̀ràngún ni yóò lo Piriton nítorí ọ̀fìnkìn, tí wọn yóò sì padà sórí alùpùpù lójú ẹsẹ̀. Piriton a máa mú oorun kunni, ọ̀nà kò sì ń dárí ji ẹni tí ó sùn lórí ọkọ̀. Àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n ti oko dé tí ẹ̀yìn ń ro wọ́n a máa gbé ibuprofen, diclofenac tàbí Feldene mì sínú ikùn òfìfo, lójoojúmọ́, bí ẹni tí ń jẹ obì. Irú àwọn oògùn wọ̀nyí lè dá ọgbẹ́ sí inú, wọ́n sì lè mú kí ó máa ṣẹ̀jẹ̀ títí ìgbẹ́ yóò fi dúdú bí ọ̀dà. Wọ́n lè ba kíndìnrín jẹ́, wọ́n sì lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru le sí i. Nínú oṣù ààwẹ̀, àwọn kan a máa kó oògùn ọ̀sán àti ti alẹ́ pọ̀ lò lẹ́ẹ̀kan ní àsìkò sààrì. Kò tọ́. Kí aláìsàn bi dókítà bóyá oògùn tí ó ṣeé lò ní ìṣínu àti sààrì wà. Bí kò bá sí, ẹ̀sìn ti yọ̀ǹda fún aláìsàn láti sin ààwẹ̀ rẹ̀ dọjọ́ mìíràn.

Àwọn tí ó ṣe oògùn pàápàá kì í mọ gbogbo àtúbọ̀tán rẹ̀ tán ní ìbẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1957, wọ́n gbé oògùn kan tí ń jẹ́ thalidomide jáde ní Jámánì, àwọn aboyún sì ń lò ó fún èébì òwúrọ̀. Kí wọ́n tó kó o kúrò lórí àtẹ níbẹ̀ ní ọdún 1961, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni wọ́n ti bí pẹ̀lú ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ tí kò pé. Àjálù yìí ni ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé dá ètò ìṣọ́ oògùn sílẹ̀ ní ọdún 1968. Nàìjíríà wọ inú ètò náà ní ọdún 2004 lábẹ́ àjọ NAFDAC. Ètò náà kò lè ṣiṣẹ́ bí aláìsàn bá dákẹ́. Ẹni tí oògùn bá ṣe ní ohun àjèjì, kí ó sọ fún dókítà, nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn, kí wọ́n lè kọ ọ́ ránṣẹ́ sí àjọ náà. Ohun tí ẹnì kan sọ lè gba ẹlòmíràn là.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé kà nínú ọ̀pọ̀ ilé. Ìwé pélébé tí ó wà nínú páálí oògùn kì í ṣe ohun ìnuwọ́. Ẹ kà á fún bàbá àti ìyá yín. Kí aláìsàn tó kúrò níwájú ẹni tí ó fún un ní oògùn, kí ó béèrè nǹkan márùn-ún: Kí ni oògùn yìí wà fún? Báwo ni wọ́n ṣe ń lò ó, ọjọ́ mélòó sì ni? Àtúbọ̀tán wo ni ó wọ́pọ̀ tí yóò lọ fúnra rẹ̀? Èwo ni ó yẹ kí ó gbé ènìyàn sáré wá sí ilé ìwòsàn? Ǹjẹ́ ó bá oògùn mìíràn tí aláìsàn ń lò mu? Kí ó sì sọ òótọ́ nípa àgbo tí ó ń mu nílé àti oyún tí ó bá wà nínú, nítorí dókítà kò lè gbèrò lórí ohun tí wọ́n fi pa mọ́ fún un. Ẹni tí ń ta oògùn kiri nínú ọkọ̀, tí ó ní oògùn kan ṣoṣo ń wo gbogbo àrùn, kò lè dáhùn ìbéèrè márùn-ún wọ̀nyí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹnikẹ́ni rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ara jẹ́ ohun ìfipamọ́ tí Ọlọ́run fi sí ìkáwọ́ ẹ̀dá. Abéèrè kì í ṣìnà, orí bíbẹ́ kò sì fi ìgbà kankan jẹ́ oògùn orí fífọ́.